Ìtọ̀ Ni Mo Dáhùn, Ẹ̀jẹ̀ Ni Wọ́n Ń Béèrè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnu ara mi kó mi sí. Ojú ń tì mí, nítorí èmi yìí náà ni mo máa ń là yín lọ́yẹ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà lórí ìkànnì yìí!

Eyín iwájú mi kan ló yọ. Bí mo bá ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà, afẹ́fẹ́ á máa súfèé gba ibẹ̀. Mo wá kà nípa ìmpláǹtì títí: síkírù kékeré, bíi mílímítà mẹ́wàá, tí wọ́n máa ń rì sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Egungun á dì mọ́ ọn fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó dé eyín lé e.

Mo mọ̀ pé oníṣúgà lè ṣe é, bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti wálẹ̀ dáadáa. Tèmi ò wálẹ̀. Àyẹ̀wò tó ń sọ bó ṣe rí láti oṣù mẹ́ta ju ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣebí èmi ni mo ní kí tiyín má kọjá méje?

Mo febi sùn, kí ṣúgà má bàa hàn nínú ìtọ̀ mi. Láàárọ̀, mo ki pépà àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ mi. Kò yí àwọ̀. Mo gba Alékúwodò lọ, nílùú Òṣogbo, sọ́dọ̀ dókítà eyín, ọ̀dọ́bìnrin kan.

"Bàbá, ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà?"

"Ìtọ̀ mi ò ní ṣúgà rárá, ọmọ mi."

Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Mo ní mo ti ṣe é, kò sí wàhálà. Ọgbọ́n àgbọ́njù!

Ó rì síkírù náà sí mi lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ kẹfà, síkírù ń mì, ọyún ń jáde. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi padà síbẹ̀. Ó bi dókítà bóyá oògùn ṣúgà tí mo ń lò ló fà á.

Dókítà yíjú sí mi. "Oògùn ṣúgà kẹ̀?"

Mo ń kólòlò pé ìtọ̀ ni wọ́n bi mí...

"Háà, Bàbá Fúnmi!" Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. "Tíṣà ṣúgà! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ gbogbo ayé!"

Dókítà ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní ká ní mo sọ òótọ́ ni, àwọn ì bá kọ́kọ́ bá mi fa ṣúgà náà wálẹ̀. Ó yọ síkírù náà. Egungun ibẹ̀ ti jẹrà, n kò sì mọ̀ bóyá yóò gba òmíràn mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ̀ tí a fi tan dókítà, ara wa la fi tàn. Ta ló ti fi nǹkan pamọ́ fún dókítà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. N ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu wo ni n ó fi ṣe é?