Òǹtẹ̀ Méjì Lára Káàdì Tokue

Ọdún mọ́kànlá ni Tokue Nishiwaki fi bá wa ṣe eré ìdárayá òwúrọ̀ ní pápá etí odò, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé ilé tó kọjú sí pápá. Kí rédíò tó bẹ̀rẹ̀ orin tí a fi ń ṣe é ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, á ti na apá sílẹ̀ dè é.

Èmi, Sumie, ni mo ń tẹ òǹtẹ̀ pupa sára káàdì ẹni tó bá wá. Inú agolo bisikíìtì la ń kó gbogbo káàdì sí. Bí a bá ṣe tán, Bàbá Kurata á yẹ̀ wọ́n wò; ẹni tí àyè rẹ̀ bá ṣófo, á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí àwa àgbà tó ń dá gbé ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, Tokue kò wá. Òtútù mú gan-an. Mo ní oorun ló gbé e lọ, oorun kò sì gbọdọ̀ ba ọdún mọ́kànlá jẹ́. Mo tẹ òǹtẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì kò tún wá. Ojú tì mí láti jẹ́wọ́ ti àná. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ń pín ìwé ìròyìn ló fura. Wọ́n bá Tokue nílẹ̀ balùwẹ̀, egungun ìbàdí ti ṣẹ́.

"Bàbá Kurata, ẹ lọ ra awò ojú tuntun o!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ sí i ní pápá. Bàbá ń tẹrí ba ṣáá. "Mo rò pé mo rí pupa níbẹ̀," ló ń wí. "Ojú mi ló ṣì í." Káàdì Tokue, tí mo ti yọ kúrò nínú agolo, sì wà lápò mi.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni."

Tokue wò ó títí. "Mo nà gbalaja nílé, mo tún ń fò ní pápá? Iwin lo fi mí ṣe, Sumie!" Ó rẹ́rìn-ín, ìrora sì gbà á mú. "Mo ń gbọ́ rédíò yẹn láti ilẹ̀. Bí orin bá ti parí, màá ní, Kurata ń bọ̀ báyìí." Ó dá káàdì padà fún mi. "Ṣé ó mọ̀?"

"Rárá."

"Lọ sọ fún un kó o tó tún wá kí mi."

Lọ́jọ́ kejì, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mo na káàdì sókè lójú gbogbo wọn, mo sọ ọ́. Bàbá Kurata rọra gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Láti òní," ó ní, "ìwọ ni wàá máa kan ilẹ̀kùn."

Mo ń kàn án. Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà Tokue, mo máa ń kan tirẹ̀ náà, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò tíì ti ilé ìwòsàn dé.