Dò, Dò, Mí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Ẹ bá mi kí ọkọ mi kú oríire o. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí eékún rẹ̀ máa ń ké bí ilẹ̀kùn tó bá fẹ́ dìde lórí àga, ló gbé gìtá lé itan nínú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á. Ambrose Àkàngbé, tíṣà Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yábàá. Kò lè kan ìṣó kan mọ́ ògiri kó má fi òòlù gbá ìka ara rẹ̀. Ìka yẹn náà ló fẹ́ fi ta gìtá. Ó káre.

Motọ́lání ọmọ wa ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó sì máa ń tijú láàrin èrò. Ṣọ́ọ̀ṣì wa dá kíláàsì gìtá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ ní òun fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ò lọ lóun nìkan. "Dádì, ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ." Èmi rò pé yóò sin ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ni, yóò sì padà wá bá mi tún ẹsẹ̀ tábìlì tó ti ń mì láti ọdún ìjẹta ṣe. Ẹ má dá mi lóhùn. Gìtá méjì ni wọ́n gbé wọlé, tọmọ tí kò tóbi, ti bàbá tó rí gbàgẹ̀dẹ̀. Tábìlì ń mì títí di òní.

Mo tẹ̀lé wọn lọ sí kíláàsì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe, yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ni mo máa ń rán jù, mo sì mú kọ́là díẹ̀ dání tí mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gán. Mo jókòó sẹ́yìn. Tọ́pẹ́ ló ń kọ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń kọjú fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, tí mo rán ṣòkòtò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún lọ́jọ́ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

"Dádì, ṣé ẹ mọ dò, re, mí?"

Háà! Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwọn tíṣà máa ń rín kí wọ́n tó na ọmọ. Ó ní òun ti ń fi dò, re, mí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn kí wọ́n tó bí Tọ́pẹ́. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ti àárín, mí ni ti òkè. Ó wúkọ́, ó na ọrùn, ó kọ ọ́ sókè ketekete: "Dò! Re! Mí!" Ó pa ẹnu dé.

Tọ́pẹ́ ń dúró. Motọ́lání ń dúró. Èmi náà dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Ó ṣì kù, sà," Tọ́pẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kí ló kù?"

"Fá, sọ́, lá, tí."

"Àwọn yẹn ò sí nínú èdè Yorùbá," ni ọkọ mi wí, ó sì wo gbogbo ọmọ tó wà nínú kíláàsì bóyá ẹnì kan fẹ́ bá a jiyàn. Ta ni yóò bá a jiyàn? Àwọn ọmọ yẹn ń bẹ̀rù ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ gìtá rẹ̀ ti tẹnu bodò. Motọ́lání ń lọ síwájú, ó ń ti orí okùn kan bọ́ sórí èkejì bí ẹni ń bu ìrẹsì sínú àwo. Bàbá rẹ̀ wá tẹ́ẹ̀pù funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi mẹ́ta lára ọrùn gìtá, ó kọ D, ó kọ R, ó kọ M, ó ní ó tó òun. Bí ọmọ bá ní, "Dádì, ẹ gbé ìka sókè díẹ̀, fá nìyẹn," yóò ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ti ilé ná." Gbogbo ìka rẹ̀ bó. Ó ń fi òróró àgbọn pa á bí ẹni tó lọ ro oko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dun èmi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Hilda ni wọ́n sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Hilda ni àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún mi ń pè mí. Màmá Motọ́lání ni ọkọ mi ń pè mí. Àmọ́ Àṣàkẹ́ ni oríkì mi, ìyá mi nìkan ló sì ń fi í pè mí. Àràárọ̀ ló máa ń pe fóònù mi láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Àṣàkẹ́! Ṣé o jí?" Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì pa fóònù kí káàdì rẹ̀ má baà tán. Ó kú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìkórè ku díẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan lókè eèpẹ̀ tó ń pè mí ní Àṣàkẹ́ mọ́. Ó ń dùn mí o. Mo máa ń pe ara mi níwájú dígí nígbà míì, ojú a sì tì mí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí ọkọ mi ò pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ bá mi bi í. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Pápá Àjàó, Àṣàkẹ́ ni òun náà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé mi níyàwó ni Màmá ti pe àwa méjèèjì jókòó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ò gbọdọ̀ la ẹnu pe Àṣàkẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ìyàwó ló ń pè ni àbí ìyá tó bí i? Ẹni tó bá ń kọjá lọ á ní mi ò kọ́ ọmọ mi, pé ó ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ." Èmi náà ní, "Ó dáa, mà." Ìyàwó tuntun, kí ni mo fẹ́ wí? Ìyá tèmi ṣáà wà láyé nígbà náà.

Nígbà tí a sin ìyá mi tán, mo bẹ ọkọ mi. Mo ní, "Ẹ máa pè mí ní Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kódà kí ẹ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́." Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ra sí ìhòòhò ní Ojúẹlẹ́gbà. "Orúkọ Màmá ni, o kúkú mọ̀." Ó padà sídìí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì. Ọ̀mọ̀wé! Ó lè fi àmì ohùn sórí orúkọ gbogbo ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Tìyàwó rẹ̀ nìkan ló wúwo jù fún un láti gbé.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń se ẹ̀wà. Màmá wá kí wa, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Bàbá àti ọmọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gìtá. Mo gbọ́ okùn ìsàlẹ̀, mo tún gbọ́ ọ, mo wá gbọ́ ti òkè. Dò, dò, mí. Ó tún ṣe é. Dò, dò, mí. À-ṣà-kẹ́, dò dò mí mà ni! Mo ju síbí sílẹ̀, mo sáré jáde tòun ti aṣọ ìdáná.

Mo débẹ̀, mo bá Alhájì Sàlíhù tó ń gbé ìsàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ti ba ìbàdí wọn jẹ́, wọ́n sì máa ń rọra rìn. Ìjàpá ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n lẹ́yìn, Alhájì sì mọ̀.

"Tíṣà, kí ni mo fi ṣe yín?" Alhájì bèèrè. "Láti ìjẹta ni ẹ ti ń fi gìtá pè mí ní Ìjàpá. Ì-jà-pá, Ì-jà-pá! Àgbà ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Olúwa mi o! Ìjàpá náà, dò dò mí ni. Motọ́lání fi gìtá bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkọ mi dìde, òógùn bò ó. Ó wo Alhájì, ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀ tó ti gbé ọwọ́ ẹ̀pà dúró. Ó ní, "Ẹ má bínú, Alhájì. Kì í ṣe ẹ̀yin. Àkàngbé ni. Orúkọ ara mi ni mo ń pè."

Àkàngbé. Dò dò mí. Ó kúkú rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ti rí ohun èlò orin, ara rẹ̀ ló sì ń fi í kì nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bí ọba tí kò ní akígbe. Alhájì tọrọ gáfárà, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀. Màmá ní, "Hùn," wọ́n padà sídìí ẹ̀pà wọn. Èmi padà sí ìdáná. Ẹ̀wà ti jóná. Mo sunkún díẹ̀, mo ní èéfín ni.

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti gbọ́ dò, dò, mí, mo máa ń pòṣé. "Àkàngbé, ẹ kú iṣẹ́ o! Àkàngbé, ṣé ẹ ò ní jẹun? Àkàngbé ọkọ Àkàngbé!" Motọ́lání á ní, "Mọ́mì, ẹ ní sùúrù." Bàbá rẹ̀ á kàn tẹ orí ba, á tún ta á.

Nígbà tí sáà parí, wọ́n ṣe àfihàn nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè. Ọkọ mi wọ ṣúùtù tó fi gbé mi níyàwó. Bọ́tìnnì rẹ̀ ò pàdé mọ́, gìtá ló fi bo ikùn, ìyẹn ni iṣẹ́ gidi tí gìtá náà ti ṣe. Màmá jókòó níwájú. Alhájì Sàlíhù náà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n tún fẹ́ pe àwọn. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí n lè tètè jáde bí ìtìjú bá pọ̀ jù.

Orin ìdúpẹ́ kékeré kan ni Tọ́pẹ́ kọ́ wọn. Motọ́lání bẹ̀rẹ̀, ó dùn, bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e. Dò lọ dáadáa. Re lọ. Mí lọ. Ó dé ibi fá, fá kọ̀ ọ́. Ó wá a sókè, ó wá a sísàlẹ̀, okùn ń han gooro. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé báàgì mi. Ọmọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ láàrin èrò fi ọwọ́ bo okùn gìtá rẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́ ohun tó sọ: "Dádì, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ ta tiwa."

Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀. Ó yí ojú wò mí. Ó ta á.

Dò, dò, mí.

Motọ́lání ń ta okùn tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Dò, dò, mí. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ìyàwó ló ń pè." Alhájì nawọ́ sókè: "Ẹ̀yin èèyàn, èmi kọ́ lónìí o!" Gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín. Ló bá di pé Màmá dìde, wọ́n tún ìró wọn dì. Mo ní ó tán, ọmọ ń ki ara rẹ̀, ìyá fẹ́ jó sí i. Ìdílé àwọn olókìkí!

Màmá ò lọ síwájú. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀.

"Kí lo jókòó ṣe?" wọ́n bi mí. "O ò gbọ́ pé wọ́n ń pè ẹ́?"

"Àkàngbé ni, mà. Ara wọn ni wọ́n ń pè."

"Ta ni ń pe ara rẹ̀ tí yóò máa wo ìyàwó rẹ̀ báyẹn?"

Mo wò wọ́n. "Bóyá ẹ̀yin ni, mà. Orúkọ yín náà ni."

Màmá fa ara wọn sókè. "Èmi? Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn! Kò tó bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́ fi gìtá pe orúkọ mi láàrin èrò." Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn tó ṣòfin sọ ọ́, sókè, kí gbogbo gbọ̀ngán gbọ́: "Àṣàkẹ́! Ìwọ ni. Dá a lóhùn."

Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn jọ fún ọjọ́ yẹn láti ọjọ́ tí ẹ̀wà mi ti jóná. Kò sí ọ̀kan tó jáde. Ojú mi kún, mo sì dáhùn bí mo ṣe máa ń dá ìyá mi lóhùn lórí fóònù: "Ooo!"

Ọkọ mi tún ta á, mo tún dáhùn. Ó tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tètè sáré gun òkè: dò, mí, mí. Làbákẹ́! Mo dáhùn ìyẹn náà, tayọ̀tayọ̀, pẹ̀lú omi lójú. Ta ni Làbákẹ́, ó di ìgbà tí a bá délé.