Omidan Márùn-ún Inú Ìwé Àṣírù

Ìlobù ni Rísíkátù ti ń ránṣọ, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n mọ̀ pé òjòwú gidi ni. Lọ́dún 1994, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Àṣírù tó ń kọ sáìnbọọ̀dù, máa ń ya ìtàn aláwòrán, á ṣe fótòkópì rẹ̀, á sì tà á títí dé Ìfọ́n. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ìtàn náà, Jímọ̀, tó ń gbélé pẹ̀lú omidan márùn-ún tí wọ́n ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Rísíkátù ló máa ń kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀rín á pa á, nítorí Àṣírù mọ bí eléébú ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ ti ẹlẹ́kún. Àmọ́ inú máa ń bí i pé àwọn ọmọbìnrin náà kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa se oúnjẹ fún Jímọ̀, Jímọ̀ kò sì mú ẹnì kankan. Àṣírù ní tó bá mú ọ̀kan, ọjà tú nìyẹn. Èyí tó dun Rísíkátù jù ni pé kò sí ìkankan tó jọ òun.

Lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń rán agbádá ìgbéyàwó Àṣírù, ọkùnrin náà gbé ìwé tuntun wá. Nínú rẹ̀, omidan kan ró aṣọ mọ́ àyà bọ̀ láti balùwẹ̀, ó kọlu Jímọ̀, omi dà sí i lórí. Rísíkátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Èjìká òsì omidan náà rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ.

Oníbàárà kan ṣoṣo ló ní irú èjìká bẹ́ẹ̀: Stella, ọmọ tíṣà ní Ìfọ́n. Ó ti bẹ Rísíkátù kó bo òun láṣìírí, gbogbo aṣọ tó ń rán fún un ló ń fi fóòmù sí léjìká òsì kó lè bá ọ̀tún dọ́gba. Stella kì í yọjú síta láìwọ irú aṣọ náà. Owú ru bo Rísíkátù lójú. Ó rántí bí Àṣírù ṣe ń lọ kọ sáìnbọọ̀dù ní Ìfọ́n ṣáá, tí ẹnikẹ́ni kò rí sáìnbọọ̀dù tuntun níbẹ̀.

Àṣírù bi í bó ṣe rí i.

“Ó dùn, Bọ̀dá Àṣírù. Àléébù tí mo máa ń sọ náà ti tán, Jímọ̀ ti mú ọ̀kan.”

Àṣírù ní kò tíì mú ẹnì kankan.

“Ó ti mú. Fóòmù tí mo fi sí èjìká Stella, ta ló bá yín yọ ọ́ tí ẹ fi rí abẹ́ ẹ̀?”

Àṣírù wo ìwé, ó wo ilẹ̀. Kò tiẹ̀ béèrè pé Stella wo.

Rísíkátù mú bíléèdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbádá náà.