Àwọn Mọ́kànlá Tó Ń Gba Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ ní Wuse

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì máa ń tiro. Nígbà tó ṣì wà l'Ékòó, ọkọ̀ akẹ́rù kan gun ibi tí àwọn èèyàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Abuja pé kó wá ṣètò àdúgbò ìtajà kan ní Wuse, ohun tó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni pé mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

“Etí ibẹ̀ ni kí mọ́tò ti dúró,” ló sọ fún mi. “Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni àárín.”

Èmi ni mo ń ya àwòrán rẹ̀. Mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ìjọba àpapọ̀ kò sì tíì kó dé láti Èkó. Gbogbo òfin tí ọ̀gá bá gbé kalẹ̀ ni mo ń sọ di ìlà. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, tí òrùlé rẹ̀ yóò ṣíji bo ẹni tó ń kọjá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọjà dí ọ̀nà. Ògiri gbọọrọ tí kò ní ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, torí ọ̀gá ní irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń ba ẹni tó ń dá rìn lẹ́rù.

Wọ́n kọ́ ọ tán kí èèyàn tó dé. Ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù lósì, gbogbo ilẹ̀kùn ní àwọ̀ ewé kan náà, gbogbo wọn wà ní títì. Bí mo bá ń rìn láàárín wọn, ìró bàtà mi á kọ́kọ́ lọ, á wá padà bá mi látẹ̀yìn, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń tẹ̀lé mi tí kò fẹ́ kí n mọ̀.

Kí wọ́n tó fi àwọn ṣọ́ọ̀bù náà háyà, ọ̀gá ní ká lọ ka iye èèyàn tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwa méjì ló rán: èmi àti obìnrin kan láti apá Kàbbà, tó ṣáájú mi lẹ́nu iṣẹ́, tí mo ń pè ní Àǹtí. Mo jókòó sí ìpẹ̀kun tó kọjú sí pápá, òun jókòó sí èyí tó kọjú sí títì ọlọ́dà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, ó di aago méjì ọ̀sán. Ìgbà ọyẹ́ ni, oòrùn kàn pọ́n bàìbàì lókè ni.

Lọ́jọ́ kìíní, mo fa ìlà mọ́kànlá sínú ìwé mi. Obìnrin Gbàgyí, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Abuja tẹ́lẹ̀, ni gbogbo wọn, wọ́n ru igi àti igbá lé èjìká bí àṣà wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí èmi àti Àǹtí pàdé, ìwé tirẹ̀ ṣófo.

“Àbúrò, àlá lò ń lá ni? Ẹnì kankan ò jáde sọ́dọ̀ mi o.”

“Àǹtí, ẹ má bínú, àbí ẹ̀yin lẹ tòògbé?”

Ojú rẹ̀ le. Kò tòògbé.

Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí: mọ́kànlá wọlé, ẹnì kan ò jáde. Kò sì sí ibi tí wọ́n lè yà sí láàárín ibẹ̀. Èmi tí mo ya á ni mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo ka mọ́kànlá pé, mo dìde, mo tẹ̀lé èyí tó kẹ́yìn. Ìyá àgbà kan ni, ó ru ìdì igi, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbà lọ. Òpó á bò ó, á tún yọ. Òpó á bò ó, á tún yọ. Nígbà tó dé òpó keje, kò yọ mọ́.

Mo sáré débẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ló wà níwájú mi, ẹ̀wọ̀n wà lára rẹ̀, àgádágodo ń fì lẹ́nu ẹ̀wọ̀n. Òórùn èéfín igi ṣì wà níbẹ̀. Nínú eruku ọyẹ́, mo rí ipa ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, tó lọ tààrà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó padà. Mo pe Àǹtí, àwọn ògiri sì bá mi pè é.

Ó wá, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Jésù.”

A lọ bá mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Bàbá arúgbó ni, Gbàgyí lòun náà, ó gbọ́ Yorùbá torí ó ti ṣiṣẹ́ rí n'Ílọrin.

“Sànnu, Bàbá,” ni mo fi Haúsá kí i. “Ẹ dákun, kí ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn?”

Ó bá wa padà débẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ẹ̀wọ̀n náà, a sì rí i pé ìpẹ̀kun kan péré ló so mọ́ ilẹ̀kùn, èkejì kò so mọ́ nǹkan kan. Kò lo kọ́kọ́rọ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Inú ibẹ̀ ṣófo, àmọ́ wọ́n ti dá ògiri ẹ̀yìn lu, ihò náà ga tó èèyàn.

“Ọ̀nà wa nìyí kí ẹ tó kọ́lé lé e,” ni bàbá wí. “Wọ́n kó abúlé wa lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n wọn ò kó òkú wa. Àwọn obìnrin wa ń lọ gbálẹ̀ nídìí sàréè wọn, wọ́n ń dáná, wọ́n á wá gba inú oko padà sílé. Èmi ni mò ń ti inú ṣílẹ̀kùn fún wọn, tí mo sì ń pa á dé.”

Ọkàn mi balẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín pàápàá. “Ẹ ò bá ti sọ fún wa, Bàbá. Àwọn mọ́kànlá tí mo ń wá káàkiri!”

“Mọ́kànlá?” ni bàbá wí. “Kai. Mẹ́jọ ni wọ́n.”

“Mọ́kànlá ni mo kà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko.”

“Ọwọ́ mi ló ń ṣílẹ̀kùn. Mẹ́jọ ni.”

Lọ́jọ́ kẹrin, Àǹtí wá jókòó tì mí, kálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, a ò yọjú wo ti ara wa. Bàbá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ju òkúta kan sínú fìlà rẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Láti ibi tí mo jókòó, mo ń wo gbogbo wọn lọ, ẹnì kankan ò sì yí padà. Nígbà tó tán, mọ́kànlá ló wà nínú ìwé mi, mọ́kànlá nínú ti Àǹtí. Òkúta mẹ́jọ ló wà nínú fìlà.

“Àwọn mẹ́ta yẹn,” ni bàbá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “báwo ni wọ́n ṣe rí?”

Mo gbìyànjú láti rántí ojú wọn. Mi ò rántí. Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gba ìròyìn láti ilé. Àǹtí ní òun ò ní padà síbẹ̀ mọ́ láyé, kò sì padà.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Mo rò pé yóò bú mi. Ó tiro wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yọ orí sínú ihò ògiri. Pòròpórò ọkà bàbà ló wà lódì kejì, àti òkìtì yẹ̀pẹ̀ bíi mélòó kan tí wọ́n dorí ìkòkò kodò sí. Ó yíjú padà sí mi.

“Yọ ṣọ́ọ̀bù yìí kúrò nínú àwòrán. Fi ọ̀nà sí i.”

“Sà, wọ́n ti fọwọ́ sí àwòrán yẹn.”

“Òfin ẹlẹ́sẹ̀ la ṣe. Ta ló sọ fún ọ pé àwa la ó máa yan ẹlẹ́sẹ̀?”

“Iye mélòó ni kí n kọ sínú ìwé, sà?”

“Mélòó lo rí?”

“Mọ́kànlá.”

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n da kọnkéré sí ọ̀nà tóóró tó gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí èrò dé sí Wuse, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló rẹ́ni gbà, àfi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn. Ó pẹ́ kí télọ̀ kan láti Ìsẹ́yìn tó gba ọ̀kan. Mo gbé aṣọ ṣòkòtò lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì bi í bóyá ibẹ̀ dára.

“Ó dára gan-an, sà. Ariwo mọ́tò ò sí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́.” Ó ń wọn ìbàdí mi lọ́wọ́. Lójijì ló dáwọ́ dúró, ó fi ẹsẹ̀ fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ wọlé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ sún díẹ̀, sà,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí màmá yìí kọjá.”

Mo sún. Mi ò rí màmá kankan. Télọ̀ kí i ní “sànnu,” ó sì tún na okùn ìwọnṣọ rẹ̀, ó bèèrè bí mo ṣe fẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà fẹ̀ tó.