Abla Inṣirah, Ẹni Tó Ń Gbé Pápá Bọ́ọ̀lù Sínú Báàgì

Ní ìlú Damanhúr, bí o bá béèrè ilé gómìnà, ẹni méjì lè júwe ọ̀nà méjì fún ọ. Ṣùgbọ́n béèrè Abla Inṣirah, kí o wo bí ẹlẹ́wà fúùlù ẹ̀bá ọ̀nà yóò ṣe fi ṣíbí sínú ìkòkò, tí yóò nu ọwọ́, tí yóò sì mú ọ dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó kéré sí i tó jẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lásán. Abla ni gbogbo wọn ń pè é, ẹ̀gbọ́n obìnrin tó tún jẹ́ olùkọ́.

Obìnrin kúkúrú ni, ọdún kan péré ló kù kó pé ọgọ́ta. Báàgì dúdú kan kì í kúrò ní èjìká rẹ̀, àní nígbà tó bá ń ra tòmátì. Nínú báàgì yẹn, pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, òpópónà tí ọkọ̀ fi ń sáré ìje wà níbẹ̀, òkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wọ inú àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju ìwé ìrìnnà lọ, tí wọ́n ń pè ní hádì. Waya kan ló fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, géèmù á sì máa ṣiṣẹ́ láti inú rẹ̀, láìfi nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ìlú tó wà láàárín Kairó àti etí òkun, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó obìnrin yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gbé hádì tirẹ̀ wá.

Inṣirah kò kọ́ ọ níléèwé. Olùtọ́jú ìwé ló jẹ́ ní ilé àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tí eku jẹ ìwé tán, ìjọba kó kọ̀ǹpútà mẹ́rin wá sínú yàrá náà, wọ́n ní kó máa tọ́jú ìyẹn. Ó gba ìwé ìléwọ́ tó bá wọn wá, ó fi ìwé atúmọ̀ èdè kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Kí ọdún tó yí po, ó ti tú ọ̀kan palẹ̀ ó sì tún un tò, ìdè onírin kékeré kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ó so ìdè náà mọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà ọrùn títí di òní.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àrùn kan. Ẹni tó kó wọn wá ti dè wọ́n kí ọmọdé má bàa bà wọ́n jẹ́: ohunkóhun tí o bá fi sínú wọn lónìí, bí o bá pa wọ́n tí o tún tàn wọ́n, wọ́n ti gbàgbé. Àwọn ọmọ á ṣeré láàárọ̀, wọ́n á borí ọ̀tá mẹ́sàn-án, bó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹkún wọn ló ká Inṣirah lára. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò sì lè gbà wọ́n, nítorí òṣùwọ̀n oṣooṣù ni wọ́n fi ń tà á ní Íjíbítì. Géèmù ńlá kan lè gbé ti oṣù kan mì kó tún máa lá ètè. Nítorí náà, hádì ni àwọn ènìyàn ń gbé lọ sọ́dọ̀ ara wọn, ẹni tó ní á dà fún ẹni tí kò ní. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ láti Kùwéètì, tó béèrè ohun tí kálukú fẹ́, àwọn ará ilé ní búláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní lọ́fínńdà. Inṣirah ní hádì lòun fẹ́, kó sì jẹ́ èyí tó tóbi jù.

Ojú rẹ̀ rí nǹkan kó tó mọ̀ ọ́n. Ní oṣù àkọ́kọ́ ó fa hádì yọ bí ẹni fa ewúro tu, láìdágbére fún kọ̀ǹpútà, géèmù méjìdínlógún sì run lójú rẹ̀. Ó sunkún, ó nu ojú, ó kọ òfin. Ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ fà á láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti sọ pé ó dàbọ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí a máa kì í bọ̀, kì í ṣe iwájú, nítorí iná tó ń gba iwájú wá kò lágbára. Lẹ́tà Z ni kí hádì máa jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà gbogbo, nítorí ojúlé tí a fi géèmù sí ni géèmù yóò máa wá, bí ojúlé bá yí padà, yóò ní òun kò mọlé. Èyí tó mú orúkọ rẹ̀ kàn ni pé ó ṣí fáìlì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí hádì náà, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ọmọ bá borí ń lọ. Kọ̀ǹpútà lè máa gbàgbé. Báàgì Abla kì í gbàgbé.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn fún ọdún mẹ́jọ, títí Ọ̀gbẹ́ni Ragai fi di ọ̀gá ilé àwọn ọ̀dọ́. Ènìyàn dáadáa ni Ragai, àga ló ní jù. Wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ní àgbàlá ibẹ̀, àga igba tí wọ́n fi ń ṣe é kò sì ní ibi tí wọn yóò sùn. Ojú rẹ̀ wọ yàrá Inṣirah. Ó kọ̀wé sókè pé kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ti gbó, géèmù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan gidi, idán lásán ni. Èsì dé pé Ìyáàfin Gawahir, alábòójútó láti iléeṣẹ́ ìjọba, ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí ohun tó rí, yàrá di ti Inṣirah. Bí kò bá dùn sí i, àga wọlé, Inṣirah jáde, fáìlì ọmọ mọ́kànlélógójì á sì wà nínú báàgì láìní ibi tí wọn yóò ti ṣí i.

Inṣirah múra sílẹ̀ bí ìyá ìyàwó. Ìdíje bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ń gbá lórí hádì láti ìgbà tí iléèwé ti wọ ìsinmi ló fi àṣekágbá rẹ̀ sí ọjọ́bọ̀ yẹn. Àwọn méjì tó kù ni Sundus, ọmọ ọdún méjìlá, àti Amu Bayumi, bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tí àwọn ọmọ ń pè ní Amu bí ẹni ń pe àbúrò bàbá ẹni, tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ní Ọjọ́rú, Inṣirah fi ọ̀rá funfun wé hádì náà pinpin, bí wọ́n ṣe ń wé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ilé tó níyì, kí eruku má bàa kàn án. Lórí ọ̀rá, ó wọ ìbòrí olówùú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, funfun, tó ní òdòdó pupa létí. Àlejò ń bọ̀. A kì í gbé ìyàwó jáde níhòòhò.

Ọjọ́bọ̀ pé. Oṣù kẹjọ ni, ìgbà tí ooru Íjíbítì ń mú jù, afẹ́fẹ́ dúró gbagidi. Gawahir dé, obìnrin gíga, tó ń wo nǹkan láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. Kí wọ́n tó jókòó ni Ragai ti rọra sọ fún un pé inú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn gan-an ni Inṣirah kó géèmù pamọ́ sí, hádì tó ń gbé kiri, ojú ayé ni. Gawahir kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì Ragai wá, èyí tí wọ́n fi ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́, tí Inṣirah kò fọwọ́ kàn rí láyé.

Wọ́n gbé e wá. Inṣirah yí i po, ó ki waya bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fún hádì ní lẹ́tà rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ tó àkókò tí ẹnìkan lè fi mu tíì tán, pápá kan là sójú kọ̀ǹpútà, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, orúkọ Sundus àti Bayumi sì wà lókè rẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin, pé ọkọ̀ tó ń lọ sí Alẹksándíríà fẹsẹ̀ gbálẹ̀ díẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Bayumi gbá ọ̀kan wọlé, ó yí ojú sí ọmọ náà.

"Sundus, mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó bí ìyá rẹ o."

"Láti ìgbà yẹn, Amu? Abájọ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yín fi ń rìn bí ẹni ru ìkòkò omi."

Ọmọ náà dá a padà, ó tún fi ọ̀kan lé e. Bayumi dá tirẹ̀ náà padà. Ó di méjì sí méjì. Gawahir ti bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ti sún àga mọ́ iwájú. Sundus gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gé ẹni méjì kọjá, ó gbá a.

Bọ́ọ̀lù dúró sínú afẹ́fẹ́. Agbábọ́ọ̀lù dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Aṣọ́lé na ọwọ́, ọwọ́ kò padà. Gbogbo ènìyàn gbọ́ hádì tó ń ké lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, tík, tík, tík, bí aago tó fẹ́ kú.

Ragai mí kanlẹ̀. Ó ní òun kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fà á yọ kí wọ́n tún kì í bọ̀, ó sì na ọwọ́ sí waya.

"Ọ̀gá Ragai, ẹ mú ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀."

Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Inṣirah ti wà nínú ilé yẹn, kò gbé ohùn sókè sí ọ̀gá kankan rí. Ragai mú ọwọ́ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Bó bá ti fà á, ìdíje á run, fáìlì mọ́kànlélógójì á bá a lọ.

Inṣirah fi àtẹ́lẹwọ́ lé hádì. Ó gbóná bí ìkòkò tíì.

"Ṣé ó ti kú ni, Abla?" Gawahir béèrè.

"Kò kú, mà. Ooru ló mú un. Èmi ni mo wọ aṣọ òtútù fún un nínú oṣù kẹjọ."

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n, kò sì wá ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó bọ́ ìbòrí kúrò jẹ́jẹ́, kí waya má mì. Ó fi èékánná la ọ̀rá. Ó ní kí Bayumi gbé ife tíì méjì tó ti ṣófo wá, ó dojú wọn dé, ó gbé hádì lé ìdí ife náà kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wá gba ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ orúkọ láàárọ̀, ó ń fi fẹ́ ẹ. Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ. Sundus kò mí. Ragai ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ títí dòní pé wákàtí kan ni, èmi kò sì ní bá wọn jà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tík náà dínkù. Ó dákẹ́.

Bọ́ọ̀lù tó wà nínú afẹ́fẹ́ sáré lọ bí ẹni pé ẹnìkan kò dá a dúró rí, ó gba abẹ́ apá aṣọ́lé kọjá, ó wọ inú àwọ̀n.

Nígbà tí eré parí, Bayumi gbé ohun tó fi ń gbá a sílẹ̀. Ó ní ìsinmi yẹn ló pa òun, ó ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kú. Sundus ní kó lọ fi omi gbígbóná wọ́ ọ.

Gawahir kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Inṣirah yọ hádì bó ṣe yẹ kó yọ ọ́, kó lọ tan ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbàgbé wọ̀nyẹn. Inṣirah dágbére fún ẹ̀rọ, ó dúró títí ó fi dá a lóhùn, ó gbé hádì àti ife méjèèjì rekọjá. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó náà ṣí ojú, orúkọ mọ́kànlélógójì tò sílẹ̀, Sundus lókè pátápátá, mẹ́ta sí méjì.

Ìgbà yẹn ni Gawahir tó fi gíláàsì padà sójú. Ó béèrè ìwé ìbẹ̀wò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i pé yàrá náà kò gbọ́dọ̀ di ti àga, kí wọ́n kó àga sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó fọwọ́ sí i. Ó wá yí sí Inṣirah, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè bóyá eré káàdì wà nínú nǹkan yìí. Inṣirah ní oríṣi méje ló wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gawahir padà wá pẹ̀lú hádì tirẹ̀ nínú báàgì.

Ife tíì méjì náà kò padà sí ilé ìdáná mọ́. Wọ́n ṣì wà lójú tábìlì ní yàrá yẹn di òní, wọ́n dojú dé, hádì wà lórí wọn láìwọ nǹkan kan. Ìbòrí olówùú ni Inṣirah fọ̀, tó lọ̀, tó mú lọ fún Ragai nínú ọ́fíìsì, tó ní kó fi bo tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀. Ragai gbà á, ó dúpẹ́. Ìyẹn kì í gbóná.