Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Onílé

Olùkọ́ wa obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún mi, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ dókítà eyín. Ó ní baba kan wà tí eyín ń dùn. Wọ́n yọ ọ̀kan, ó ń dùn ún. Wọ́n yọ ìkejì, ìrora náà ò gbọ́. Àṣé eyín ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọkàn baba náà ni ẹ̀jẹ̀ kì í dé dáadáa bó bá ti ṣiṣẹ́ agbára, tó wá ń ké láti ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Kí ẹ tó dá eyín lẹ́bi,” ni olùkọ́ wa wí, “ẹ bi aláìsàn ní ìgbà tó máa ń dùn ún.” Mo há a sórí nítorí ìdánwò. Nígbà tí ìdánwò parí, mo gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí a ṣe máa ń ṣe.

Yàrá kan ni mo háyà nígbà náà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Lafiaji, ní erékùṣù Èkó. Bí o bá ti wọlé, òórùn kànáfùrù ni yóò pàdé rẹ ní ìdí àtẹ̀gùn pákó, kí o tó gbóòórùn ọ̀rinrin ara ògiri. Mo rò pé òórùn ilé ni, torí ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìyá onílé ló ń fi kànáfùrù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ní ilé náà kún rí, débi pé àwọn ọmọdé ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti sọdá afárá, ó wá ku ìyá, èmi, àti télọ̀ kan tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú, tó ń lọ sílé tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èmi alára, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ ẹnì kankan ní Èkó ni mí. Ọ̀rẹ́ mi, mo lè ti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ dé àárọ̀ Mọ́ńdè láìgbọ́ ohùn ara mi.

Iṣẹ́ kan wà tí ìyá kì í jẹ́ kó yẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá olóògbé ọkọ rẹ̀ lókè pátápátá, yóò ṣí fèrèsé tó kọjú sí títì, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní àdúgbò wa, bí fèrèsé ilé ẹbí bá wà ní pípadé fún ìgbà díẹ̀, àwọn tó ń wá ilé àtijọ́ wó á ti máa fi ojú wọn ilẹ̀ rẹ̀. Fèrèsé ṣíṣí ló ń sọ pé onílé ń bẹ nílé.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mú, ó pè mí.

“Ọmọ Ìjẹ̀bú, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ yín níbẹ̀ gan-an? Wá bá mi yọ eyín yìí.”

“Ìyá, wọn ò tíì ní ká máa yọ eyín nílé.”

Télọ̀ dá sí i láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. “Alhaja, ẹ jẹ́ n mú ẹ̀mú wá. Èmi ò nílò ìwé ẹ̀rí.”

“Ìwọ tí síìpù tí o rán kì í pé ọ̀sẹ̀ kan,” ni ìyá wí, “ẹnu mi lo wá fẹ́ tú.”

Mo tan iná fóònù sí i lẹ́nu. Ibi tó na ìka sí, kò sí eyín kankan níbẹ̀. Erìgì rẹ̀ ti jọ̀lọ̀ bí inú ìkarahun.

“Ìyá, eyín ibí yìí dà?”

“Wọ́n ti yọ ọ́. Òun náà ló ń dùn mí; bóyá gbòǹgbò rẹ̀ ló kù.”

Ohùn olùkọ́ wa padà sí mi létí. Mo bi í ní ìgbà tó máa ń dùn ún.

“Bí mo bá ń gun òkè. Bí mo bá ti jókòó, á fi mí sílẹ̀.”

“Kì í ṣe eyín, Ìyá. Àyà yín ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù báyìí.”

“Àyà tí kò dùn mí? Eyín ni wọ́n rán ẹ lọ kọ́, o wá ń bá àyà wíjọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. “Wọ́n á dá mi dúró síbẹ̀. Ta ni yóò ṣí fèrèsé?”

Mo ní èmi ni. Ó ní ṣé lójoojúmọ́. Mo ní lójoojúmọ́. Ìgbà tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi tán ló tó ní kí n bá òun pe àkọ́bí òun.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin gbé mọ́tò wá, a jọ lọ. Àwọn dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ ti fún, bó bá tún ń gun àtẹ̀gùn yẹn bẹ́ẹ̀, ọkàn náà lè dá iṣẹ́ dúró lójijì. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò títí ayé, àti oògùn wẹ́wẹ́ kan tí yóò máa fi sábẹ́ ahọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ kò dá a padà sí Lafiaji mọ́; ó mú un sọdá afárá, sí ilé tí kò ní àtẹ̀gùn.

Èmi wá kù nínú ilé yẹn. Láràárọ̀ ni mò ń gòkè, tí mò ń ti ilẹ̀kùn pákó fèrèsé náà síta. Láàárín àwọn ilé gíga Marina, omi ọ̀sà á tàn yanran lẹ́ẹ̀kan, á sì tún pamọ́. Òórùn kànáfùrù ń dínkù lójoojúmọ́, títí ó fi tán. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, fóònù mi yóò dún; Ìyá ni.

“Ṣé o ti ṣí i?”

“Mo ti ṣí i, Ìyá.”

“Ta ló ń kọjá?”

Màá sọ fún un: obìnrin tó gbé bọ́rẹ́dì, áfáà tó ń ti ọ̀kadà tó kọ̀ tí kò dáhùn, télọ̀ tó doríkodò tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù.

“Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wo òkè?”

Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ wó ilé ló ń béèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà, kó fọkàn balẹ̀.

“Kì í ṣe tilé nìkan,” ló wí. “Bí mo bá ṣí i, télọ̀ á gbójú sókè, á kí mi. Ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé ẹnì kan mọ̀ pé mo ti jí. Níbí, àwọn ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́ kí n tó kírun tán.”

Mo dúró síbẹ̀, fóònù ní etí, mo sì wò ó pé láti ìgbà tó ti lọ, ìpè rẹ̀ yìí nìkan ló ń jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ pé èmi náà ti jí. Àwa méjèèjì là ń jí ara wa.

Ó pẹ́ tí mo ti di dókítà eyín. Mo máa ń bi àwọn àgbà ní ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa: ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, àtọ̀gbẹ ńkọ́, oògùn wo lẹ ń lò, ṣé àyà kì í fún yín bí ẹ bá ń gun òkè? Lẹ́yìn náà, màá fi ọ̀kan tí kò sí nínú ìwé wa kún un. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á wo ilẹ̀. Ìwọ náà ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi: láàárọ̀ òní, ta ló mọ̀ pé o ti jí?