Mwanatumu àti Ìyàwó Orí Fóònù

Ọmọbìnrin tí Mwanatumu ti múra fún ilé ọkọ ní àdúgbò Langoni, ní ìlú Lamu, lórí erékùṣù kan létíkun Kenya, lé ní ọgọ́rùn-ún. Òun ni somo wọn. Bí ọmọbìnrin bá ti bàlágà ni ìyá rẹ̀ ti ń yan somo fún un, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá ò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ tó bí. Somo ni yóò sọ ọ́. Òun ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ọkùnrin gbé, òun náà ni yóò fi singo pa á lára fún ọjọ́ méje: igi olóòórùn dídùn tí wọ́n lọ̀ kúnná, kànáfùrù, àti omi òdòdó. Ohun tí ọmọ bá sọ fún somo, inú somo ló ń gbé. Àwọn ìyá ti bá Mwanatumu jà nítorí èyí. Ọkọ kan tilẹ̀ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ ya. Kò sọ.

Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Opó ni, iyàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, ìka rẹ̀ sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ títí dé ìdí èékánná nítorí singo.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kété tí wọ́n kírun Alásárì tán, Shufaa gun àtẹ̀gùn rẹ̀ wá. Ọmọ Zaina aládùúgbò rẹ̀ ni, ẹni ọdún méjìlélógún. Ó ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Mombasa, ó ti gbàwé ẹ̀rí, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti ń jókòó sílé láìríṣẹ́. Fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, lábẹ́ aṣọ dúdú tó fi bora.

"Somo, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ fi singo pa mí lára."

Mwanatumu rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń gbé ọ níyàwó tí mi ò gbọ́? Èmi àti ìyá rẹ jọ ra ẹja láàárọ̀ yìí. Ẹnu obìnrin yẹn ò dákẹ́ títí a fi délé, kò sì dárúkọ ọkọ kankan."

"Màmá ò mọ̀."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọn ò mọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì wa lórí fóònù. Arákùnrin kan ló dúró bíi bàbá fún mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Bàbá tó bí ọ ti kú ni?"

"Ẹ má pariwo, Somo. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣùgbọ́n o sọ fún mi."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò yé. "Ẹ̀yin ò sí lára ẹnikẹ́ni tí wọ́n wí. Somo mi lẹ jẹ́. Ṣé kí n wá lọ sílé ọkọ láìpa singo, bí ọmọ tí ò lẹ́nìkan?"

Àwọn tó ń darí rẹ̀ láti òkèèrè ti ka àwọn tí kò gbọdọ̀ sọ fún: wọ́n ka ìyá, wọ́n ka bàbá, wọ́n ka ọ̀rẹ́, wọ́n ka ìmáàmù. Wọn ò ka somo. Wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kà á.

Mwanatumu gbé ọpọ́n sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ igi. Ó ń lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bi í léèrè bí somo ṣe máa ń bi ìyàwó. Shufaa ń dáhùn tayọ̀tayọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Fídíò ilé ìwòsàn kan ló kọ́kọ́ rí, níbi tí àwọn aboyún ti ń bẹ̀bẹ̀ fún obìnrin tó mọ iṣẹ́. Orin tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fà á wọ ẹgbẹ́ àwọn arábìnrin lórí fóònù: ará Kwale, ará Tanga, ará Mozambique, gbogbo wọn ń pe ara wọn ní olólùfẹ́. Níbẹ̀ ni Ukasha, ẹni tó ń pè ní ọkọ báyìí, ti yọjú sí i.

"Jẹ́ kí n wo fídíò yẹn."

Ó wò ó. Ilé ìwòsàn náà mọ́ tónítóní. Àsíá kan fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òrùlé, kò pẹ́, ó kúrò lójú. Ọwọ́ Mwanatumu dúró lórí ọpọ́n. Ó mọ àsíá náà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ sá wọlé tọ̀ ọ́ wá láti orí ilẹ̀ ńlá tó wà lódìkejì omi pẹ̀lú ọmọ méjì, gèlè rẹ̀ ń rùn fún èéfín. Àwọn tó gbé àsíá yẹn ti ààlà Somalia wọlé ló sun ilé rẹ̀.

"Shufaa, àwọn tó dáná sunlé àwọn èèyàn wa nìyí."

"Irọ́ ìjọba nìyẹn, Somo. Ukasha ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

"Ìgbà wo lo ń lọ?"

"Lónìí. Bí omi bá ti kún, kí wọ́n tó pe Màgáríbì. Ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ sápá Kiunga, níbi ààlà."

Kò tó wákàtí méjì mọ́. Mwanatumu rò ó wò. Bí òun bá pe ọlọ́pàá, wọ́n lè mú ọmọ náà lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ìyá kan tí ọlọ́pàá mú ọmọ rẹ̀ lọ wà ní òpópónà yìí, tó ṣì ń gbé fọ́tò ọmọ náà kiri ọ́fíìsì. Bí òun bá ké pe Zaina láti ojú fèrèsé, Shufaa á ti sọ̀ kalẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó wọ bàtà. Bí òun bá sì tì í mọ́lé lónìí, á lọ lọ́la, kò sì ní yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó fi singo pa á ní apá méjèèjì, ó pa á dé ìka. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi kì í fi ìyàwó lé ọkùnrin tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́wọ́. Pè é."

Inú Shufaa dùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti kún fún singo, nítorí náà Mwanatumu ló tẹ fóònù náà, ó sì jẹ́ kí ohùn Ukasha jáde síta.

"Arábìnrin, ṣé o ti dé etí òkun?"

"Somo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mò ń múra ìyàwó rẹ fún ọ. Ọjọ́ méje ni mo fẹ́."

Ohùn náà rọ̀ wọ̀ọ̀, bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. "Ìyá, kò sí àyè. Nǹkan ayé lásán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ó máa bọ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta, nígbà náà. Ọkọ wo ni ò fẹ́ kí ìyàwó òun ta sánsán?"

"Ìyá, arákùnrin tó máa gbà á lọ́hùn-ún ò rí ti òórùn rò. Ojú ogun ló wà. Ìyàwó ẹ̀ kú, ó sì ń wá ẹni tó máa bá a tọ́jú àwọn ọmọ."

Shufaa gbójú sókè. "Arákùnrin wo? Ukasha, ṣebí ìwọ ni?"

"Arábìnrin, a ti jọ sọ ọ́ pé—"

"A ò sọ ọ́ rí. Ta ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́?"

"Ẹni tí ọ̀gá bá yàn ni. Má fi ìbéèrè ba iṣẹ́ rere jẹ́. A mọ ilé bàbá ẹ. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga."

Shufaa fúnra rẹ̀ ló júwe ilẹ̀kùn náà fún un, lọ́jọ́ tó ń sọ fún un bí inú ilé wọn ṣe rí. Ó fi ìka tó kún fún singo pa fóònù náà.

Mwanatumu padà sídìí ọpọ́n, ó ń lọ igi lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu báyìí, òun ni ọmọ náà yóò bá jà, kò ní bá Ukasha jà. Fóònù ń gbọ̀n lórí ẹní, ó dákẹ́, ó tún ń gbọ̀n.

Shufaa ní, "Swabra ti wà létí òkun."

"Ta ni Swabra?"

"Láti Tanga. Àná ló wọ̀lú. A jọ ń lọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, Somo."

Mwanatumu ti dìde. "Wọ aṣọ rẹ."

"Singo ńkọ́?"

"Jẹ́ ó wà níbẹ̀. Wọ aṣọ!"

Wọ́n gba ojú ọ̀nà tóóró sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń yà fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Omi ti ga dé àtẹ̀gùn èbúté. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan jókòó lórí báàgì, ọkùnrin kan sì ń ṣẹ́wọ́ sí i láti inú ọkọ̀.

"Swabra!" Mwanatumu kígbe débi pé gbogbo aláàárù yíjú. "Ọmọ yìí, orí rẹ ò pé ni? Látàárọ̀ la ti ń wá ọ! Ìrẹsì rẹ ti gan!"

Àwọn aláàárù bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ fà á létí!" Ọkùnrin inú ọkọ̀ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ọmọ náà ò mọ obìnrin tó ń bá a wí. Ó di báàgì rẹ̀ mú. Shufaa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́. Ọkùnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kọ́ ni ọkọ. Ẹlòmíì ló fẹ́ fi mí fún. Ukasha parọ́ fún mi."

Ojú Swabra yí padà. "Ukasha?"

"Òun ni."

"Ọkọ mi ló ń jẹ́ Ukasha," Swabra sọ. "Jímọ̀ tó lọ ni wọ́n so wá pọ̀."

Ẹ̀rọ ọkọ̀ náà dún. Swabra wo omi, ó wo Shufaa, ó sì jẹ́ kí Mwanatumu gba báàgì lọ́wọ́ òun.

Ọkọ̀ ṣí. Ọkùnrin inú rẹ̀ ò wo ọ̀nà tó ń lọ. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà ló ń wò, fóònù wà létí rẹ̀.

"Ilé tààrà," Mwanatumu ní. "Ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ, Shufaa, ṣùgbọ́n bí o bá fo ibì kan, màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú rẹ."

Ó dúró sẹ́yìn wọn kí ọkùnrin náà má bàa rí wọn mọ́, ó sì ní kí àwọn méjèèjì máa rìn lọ níwájú.